Nọ́ńbà ìkẹyìn lára àkáǹtì yín, ẹ̀ṣọ́ ni

Bí oníbàárà bá wà l'Óǹdó, tí ọjà sì wà n'Ákùúrẹ́, nọ́ńbà mẹ́wàá péré ló wà láàárín owó àti ẹni tó ni ín. Ìyá aláṣọ tó wà l'Ọ́jà Ọba á máa ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ lórí fóònù, ẹni tó wà l'Óǹdó á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, dírẹ́bà tó fẹ́ gbẹ́rù á sì ti máa tẹ hóònù. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò sì mọ̀ ni pé ìkẹyìn nínú nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń ṣọ́ àwọn tó kù.

Ọdún 2010 ni Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, gbé ìlànà NUBAN jáde, nígbà tó sì di 2011, àwọn báǹkì ti ń lò ó. Kó tó dìgbà náà, bó ṣe wu báǹkì kálukú ló ń to nọ́ńbà tiẹ̀. Nínú ìlànà yìí, mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni báǹkì fi dá oníbàárà mọ̀. Ìkẹwàá, ìṣirò ló bí i.

Ẹ wo èyí tí CBN fúnra rẹ̀ fi ṣàpẹẹrẹ, 0000014579 ní First Bank, tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ 011. Ẹ to kóòdù yẹn síwájú mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ó di 011000001457. Láti apá òsì, ẹ sọ àkọ́kọ́ di ìlọ́po 3, ìkejì ìlọ́po 7, ìkẹta ìlọ́po 3, kẹ́ ẹ máa tò ó bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi tán. Ohun tẹ́ ẹ máa rí, yàtọ̀ sí òdo, ni 7, 3, 3, 12, 35 àti 21. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 81. Ó ku 9 kó pé 90, 9 yẹn náà ló sì wà ní ìparí.

Bẹ́nì kan bá tẹ 8 dípò 7, àpapọ̀ á di 84. Ìṣirò á béèrè 6, 9 ló máa bá, kò sì níí gbà. Kò sí ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo téèyàn lè ṣì tẹ̀ tí kò níí hàn, nítorí kò sí nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó lè pín 3 tàbí 7 láìṣẹ́kù, kó tún pín 10 bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ yìí náà a máa sùn o! Ká ní ẹni tó wà l'Óǹdó gbé 4 ṣáájú 1, tó tẹ 0000041579. Ìlọ́po 3 ló kan àwọn méjèèjì, nítorí náà 81 náà ni àpapọ̀, 9 náà sì ni ìdáhùn. Nọ́ńbà ti yí padà, ìṣirò kò sì rí i.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti báǹkì. Ẹ yọ 011 kúrò, ẹ fi 044 ti Access Bank síbẹ̀. Àpapọ̀ á di 111, ó sì tún ku 9 kó pé 120. Nọ́ńbà kan náà bá báǹkì méjì mu! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà nìkan sára páálí níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ báǹkì sí i.

Àtẹ̀jíṣẹ́ sàn ju kíkà lórí fóònù lọ. Kí ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sì ka orúkọ tó bá jáde sí yín létí kó tó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, torí orúkọ yẹn nìkan ló lè fi ẹni tó ni àkáǹtì hàn án.