Téèpù dúdú kò so wáyà: bí a ṣe ń so wáyà líle mọ́ wáyà onírun nídìí iná àjà



Ká ní ẹ ra iná àjà tuntun lọ́jà Ìkàrẹ́. Ẹ gbé e délé, ẹ tú páálí rẹ̀, ẹ gun àga. Wáyà tó yọrí láti inú àjà le gan-an, ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo ló wà nínú rọ́bà rẹ̀. Èyí tó bá iná tuntun wá rọ̀ bí òwú, bàbà tín-ín-tín-ín bí irun ló pọ̀ nínú tiẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é ní flex. Báwo lẹ ṣe máa so àwọn méjèèjì pọ̀?

Ohun tí mo sábà máa ń rí láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà ni pé wọ́n á wé wáyà onírun mọ́ wáyà líle lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fi téèpù dúdú yí i, ó parí. Iná á tàn o. Ṣùgbọ́n pé iná tàn kò ní ká mọ̀ bóyá oríkèé wáyà yẹn dára. Físíìsì ni mò ń kà fún másítà, n kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Ìdí tí oríkèé fi máa ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ á mọ bó ṣe yẹ kó so ó.

Wáyà méjì, ìwà méjì

Wáyà iná inú ilé sábà máa ń jẹ́ 1.5 mm². Bó bá jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi 1.4 mm. Flex iná àjà sábà máa ń jẹ́ 0.5 tàbí 0.75 mm². Nínú flex 0.75, irun bàbà 24 ló sábà máa ń wà, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.2 mm péré. Wáyà líle dára fún inú ògiri tí nǹkan kan kì í mì ín. Onírun dára níbi tí wáyà gbọ́dọ̀ ti ká.

Bí ẹ bá wá wé onírun mọ́ líle lára, líle á dúró gbagidi bí òpó, onírun á yí i ká bí okùn ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ta ní kókó. Ẹ fà á díẹ̀, á yọ́.

Ohun tí ojú kò rí

Ẹ wo àwọn àpáta Àkókó. Láti òkèèrè, ara wọn ń dán. Ẹ sún mọ́ wọn, kòtò àti gegele ni. Bí ara bàbà náà ṣe rí nìyẹn tí a bá fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá wò ó. Nígbà tí bàbà méjì bá fara kanra, gegele wọn nìkan ló ń pàdé, iná sì gbọ́dọ̀ gba ojú kéékèèké yẹn kọjá. Ragnar Holm, ọmọ Swídìn tó ṣe ìwádìí nílé-iṣẹ́ Siemens ní Jámánì, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, Electric Contacts. Bí a bá tẹ bàbà méjèèjì mọ́ra dáadáa, àwọn ojú yẹn á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá dẹ̀, ọ̀nà á há fún iná, ibẹ̀ á sì máa gbóná.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi áńpíà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi óòmù sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, wáàtì ooru lẹ máa rí. Ká ní oríkèé kan jẹ́ ìdajì óòmù. Gílóòbù LED 10 wáàtì lórí 230 fóòtì ń fa nǹkan bíi 0.04 áńpíà. Ooru ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì. Ẹ ò rí nǹkan? Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé LED ò lè ṣe nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, oríkèé iná pálọ̀ náà ló gbé iná lọ sí yàrá. Bí ẹnì kan bá lọ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì láti ara wáyà yẹn, tó sì ki áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì bọ̀ ọ́, ó lé ní 4 áńpíà tó ń gba oríkèé kan náà kọjá. Ooru á fò sókè di wáàtì 9 àti díẹ̀, níbi tí kò tóbi ju ẹ̀pà lọ, nínú téèpù, lókè àjà. Ooru yẹn á mú kí ara bàbà dúdú, dúdú yẹn á tún dí iná lọ́nà, ooru á tún pọ̀ sí i. Bí àlàfo bá wá là, iná á máa ta pàrà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láàrin 1965 sí 1973, nígbà tí bàbà wọ́n, wọ́n fi wáyà alumíníọ́ọ̀mù ṣe iná ọ̀pọ̀ ilé. Níbi tí iná ti ń sọ, kì í sábà jẹ́ àárín wáyà. Oríkèé ni.

Àmì kan wà tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ ọ́n. Ní ilé kan tí mo mọ̀ ní Ọ̀kà, gílóòbù kan ń ṣẹ́jú. Wọ́n ní iná ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ gílóòbù títí. Ṣùgbọ́n gbogbo iná tó kù nínú ilé náà dúró ṣinṣin. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ń ṣẹ́jú, tí gílóòbù tuntun ò sì wò ó sàn, ẹ yẹ oríkèé rẹ̀ wò.

Iṣẹ́ mẹ́ta

Oríkèé tó dára ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: ó ń tẹ bàbà mọ́ bàbà, ó ń di wáyà mú kó má yọ, ó sì ń bò wọ́n kí ọwọ́ tàbí irin má kàn wọ́n. Téèpù, ìkẹta nìkan ló mọ̀. Nígbà tí ooru abẹ́ páànù àti eruku ọyẹ́ bá sì gbẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn náà á dópin.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

1. Ẹ paná. "Wọ́n ti mú iná lọ" kì í ṣe pípaná o, torí wọ́n lè mú un dé nígbà tí ẹ ṣì wà lórí àga. Nígbà tí iná wà, ẹ tan gílóòbù, ẹ lọ já bíréékà, kí ẹ rí i pé ó kú. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà náà. Ẹ fi tẹ́sítà kan ibi tẹ́ ẹ mọ̀ pé iná wà, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé tẹ́sítà ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tó fi kan wáyà náà.

2. Ẹ wo àwọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, pupa ni oníná, dúdú ni nútírà. Lára iná tuntun, àwọ̀ ilẹ̀ ni oníná, búlúù ni nútírà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe pa àwọ̀ wáyà ilé tiwọn dà láti 2004. Wáyà aláwọ̀ ewé, tàbí ewé pẹ̀lú yẹ́lò, ń lọ sára irin iná náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi pupa ṣe gbogbo rẹ̀, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi ojú gbà á.

3. Ẹ bó rọ́bà ní ìwọ̀n tí kọnẹ́tọ̀ fẹ́, kí irun kankan má já. Ẹ lọ́ irun pọ̀ kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí síkúrù lè rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má fi òjé jó orí rẹ̀: òjé rọ̀, ó máa ń sún kúrò lábẹ́ síkúrù díẹ̀díẹ̀, oríkèé á sì dẹ̀.

4. Ẹ fi kọnẹ́tọ̀ onísíkúrù so wọ́n, kí bàbà kankan má yọ síta. Bí ẹ bá rí kọnẹ́tọ̀ tó ní apá tí wọ́n ń gbé sókè, bíi WAGO 221 ti Jámánì, ó gba líle àti onírun, sípíríǹgì inú rẹ̀ kò sì ṣíwọ́ títẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ń lo kọnẹ́tọ̀ tó dà bí fìlà, ẹ jẹ́ kí onírun gùn ju líle lọ díẹ̀, nǹkan bíi 3 mm.

5. Síkúrù ara àjà ni kó gbé iná náà, kì í ṣe wáyà.

Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó dé e, ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá yọ, ẹ tún un ṣe. Bí rọ́bà wáyà tó wà nínú àjà bá ti gbẹ tó ń ṣẹ́, tàbí tí bàbà rẹ̀ ti dúdú, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́. Kí ẹ sì sọ fún un pé kọnẹ́tọ̀ lẹ fẹ́, pé ẹ ò fẹ́ téèpù nìkan.