Tẹlifóònù Orí Tábìlì Tí Ń Fi Nọ́ńbà Pamọ́: Bí A Ṣe Ń Tò Ó àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó



Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù orí tábìlì, èyí tí ó ní okùn, tí ó sì lè fi nọ́ńbà pamọ́ sínú, ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹlòmíràn á ní kí la fẹ́ fi í ṣe nígbà tí fóònù alágbèéká wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ìdáhùn wa kò gùn. Fóònù alágbèéká ń bá ènìyàn rìn. Ó lè bọ́ sínú ọkọ̀ láàárín Ìṣẹ́yìn sí Ìbàdàn, kí nọ́ńbà gbogbo oníbàárà sì bá a lọ. Ti orí tábìlì kì í kúrò nílé. Ẹni tó ń wá aláṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn, tàbí oníṣu ní Ṣakí, yóò rí i pè, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lè gbé e.

KÍ Ẹ TÓ RÀ Á

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ lè bá pàdé lọ́jà. Èkíní ń lo wáyà ara ògiri, irú ti NITEL, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985. Títí GSM fi dé ní 2001, gbogbo ojú ọ̀nà tẹlifóònù ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. NITEL ti kógbá sílé. NATCOM ló gba dúkìá rẹ̀ ní 2015. Èkejì ni ti CDMA, irú èyí tí Starcomms àti Multilinks tà nígbà kan. Àwọn náà ti lọ. Ẹ̀kẹta ń lo síìmù GSM. Òun ni kí ẹ rà. Bí ẹlẹ́rù tòkunbọ̀ bá fi owó pọ́ọ́kú lọ̀ yín, ẹ fi síìmù tiyín dán an wò lójú rẹ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, kí ẹ tó ki síìmù bọ̀ ọ́. Síìmù náà gbọ́dọ̀ ti ní NIN lára. Ẹ so okùn apá tí à ń gbé sétí mọ́ ara ẹ̀rọ kó le dáadáa. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nítorí àpáta àti òkè tó yí wa ká máa ń dènà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kún. Tẹlifóònù NITEL àtijọ́ ń gba iná láti ara wáyà rẹ̀, bí iná ìlú lọ kò kàn án. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì ló gbé e ró.

BÍ A ṢE Ń FI NỌ́ŃBÀ PAMỌ́

Ẹ kọ nọ́ńbà náà, kí ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú orúkọ, kí ẹ wá yan bọ́tìnnì kan fún un, bíi 2 tàbí 3. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ yóò pè é fúnra rẹ̀. Ètò yìí yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, nítorí náà ẹ wo ìwé tó bá a wá. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé pàápàá lè lò ó, bí a bá fi ọ̀dà pupa tọ́ bọ́tìnnì ọmọ rẹ̀ fún un. Ẹ kọ 112 sára ẹ̀rọ pẹ̀lú; nọ́ńbà pàjáwìrì ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bí ẹ bá ti fi pamọ́ tán, ẹ pè é wò lójú ẹsẹ̀. Òdo kan tó bá ṣì, ọjà lè bàjẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn ará Ṣábẹ àti Paraku ní orílẹ̀-èdè Benin tajà, ẹ gbọ́ èyí o. Láti 30 Oṣù Kọkànlá 2024, nọ́ńbà wọn ti kúrò ní mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá. 01 ni wọ́n fi ṣíwájú ti àtijọ́. Ẹni tó ti fi +229 àti nọ́ńbà mẹ́jọ pamọ́ tẹ́lẹ̀, kó fi 01 sí àárín wọn. Ẹ̀rọ kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Bí a kò bá tún un ṣe, a ó máa tẹ bọ́tìnnì lásán, oníbàárà á sì rò pé a ti gbàgbé òun.

OHUN MẸ́TA TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ GBÀGBÉ

Èkíní: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà sínú ìwé, nítorí ẹ̀rọ lè bàjẹ́.

Èkejì: ẹ máa fi síìmù náà pe ènìyàn. Bí ó bá wà fún 180 ọjọ́ láìṣe ohunkóhun tó ń gba owó, ilé-iṣẹ́ lè pa á. Bó bá tún pẹ́ sí i, nọ́ńbà yín lè di ti ẹlòmíràn, òun ni oníbàárà yín yóò sì máa pè.

Ẹ̀kẹta: orúkọ tó yọ lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀rí. Olè tó jí fóònù oníbàárà yín lè fi pè yín. Kí ẹ tó fi ẹrù tàbí owó ránṣẹ́, ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀.

Ẹni tí ètò yìí bá ṣì rú lójú, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. A ó jọ tò ó.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́