Odi Òkè Ìdànrè àti Ibùdó Àwọn Ọmọ Ogun Òde Òní

Nígbà tí a rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò ní ìlú Ìdànrè, kíláàsì kẹrin ni a fi lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan mo ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìtàn ìlú wọn. Mo ṣe àlàyé bí àwọn baba ńlá wọn ṣe tẹ̀dó sí orí òkè nítorí ààbò, tí wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Mo rò pé mo ti ṣe dáadáa. Ọmọdékùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn sì dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ta ni ń pọn omi gòkè fún wọn?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kò dénú, nítorí n kò ní ìdáhùn. Mo ní kí ó jókòó, pé a ó dé orí ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí lẹ́nu olùkọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e ni mo gun òkè náà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ, ibi ìsinmi márùn-ún ni ó sì wà lójú ọ̀nà. N kò fo ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tí ó bá gun ún dé òkè kò tún ní bèèrè ìdí tí àwọn àgbà fi yan ibẹ̀. Àpáta ńláńlá yí ìlú àtijọ́ ká bí odi tí a kò fi ọwọ́ mọ, ṣóńṣó Òkè Orósùn sì ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá jagun ní láti gba ọ̀nà tóóró, a ó sì ti rí i kí ó tó rí ẹnikẹ́ni. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá náà wá lọ sí abẹ́ Olúmọ ní 1830.

Ṣùgbọ́n gíga nìkan kò tó láti mú odi dúró. Odi tí oúnjẹ, omi àti igi ìdáná rẹ̀ bá ń ti òde wá, ọ̀tá kò ní láti gun ún rárá; kí ó ṣáà jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni. Ohun tí ọmọ náà bèèrè gan-an nìyí, bí òun tìkára rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì rí ìdáhùn níbẹ̀: kò sí ẹni tí ń pọn omi gòkè, nítorí pé omi ti wà lókè. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí àpáta kì í wọlẹ̀. Ó ń ṣàn lọ sí inú kòtò àti sí àárín àpáta méjì, níbi tí erùpẹ̀ gbé ń mu ún, tí ó sì ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Omi Àpáàrá, tí a máa ń fi han àlejò, wà níbẹ̀ títí di òní. Ilẹ̀ tí a lè gbin nǹkan sí wà láàrin àpáta, igi wà, amọ̀ sì wà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ amọ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ru ògiri gun Òkè Ìdànrè. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé sí, nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀, wọn a pò ó pẹ̀lú omi, wọn a sì mọ ọ́n ní ìpele, kí ìpele kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ògiri amọ̀ nípọn. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá ń pa á, ooru náà ń wọ inú rẹ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń gbà á ní ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó la ògiri já. Ilẹ̀ á ti ṣú nígbà náà, atẹ́gùn tútù á sì ti dé. Ìdí nìyí tí yàrá alámọ̀ fi ń tutù lọ́sàn-án tí ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóru, láìsí ẹ̀rọ kankan. Ní ti àgbàlá tí ó wà láàrin ilé, òun ni ó ń mú ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn wọlé. Bí òjò bá sì rọ̀, òṣòòrò òrùlé á máa dà sí inú ìkòkò tí a gbé sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ kò ní láti jáde lọ pọn omi lọ́jọ́ òjò.

Bàbá tí ó mú mi yí ibẹ̀ ká sọ fún mi pé ògiri amọ̀ kì í bẹ̀rù oòrùn, òjò ni ó ń bẹ̀rù. Nítorí náà òrùlé ni ẹ̀mí rẹ̀. Mo rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ojú mi. Ààfin àtijọ́ tí òrùlé wà lórí rẹ̀ ṣì dúró pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ inú àgbàlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí òrùlé ti ṣí kúrò, ògiri ti ń di òkìtì, koríko sì ti hù sí orí rẹ̀. Títí di bí ọdún 1933 ni àwọn ará Ìdànrè fi sọ̀ kalẹ̀ tán sí ìsàlẹ̀, nítòsí ọ̀nà mọ́tò àti oko kòkó. Ní 2007 ni orílẹ̀-èdè wa fi orúkọ òkè náà sí inú ìwé tí UNESCO fi ń ka àwọn ibi tí ó lè di ogún gbogbo ayé. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kì í ka ìwé. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń pò amọ̀ kí ó má baà sán kò sì pọ̀ mọ́. Bàbá náà sọ fún mi pé nínú àwọn ọmọ òun ọkùnrin, kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ rí.

Nígbà tí mo padà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú ìwé bóyá ẹlòmíràn ti ronú kan ọ̀rọ̀ odi àti ọ̀nà yìí. Ó yà mí lẹ́nu láti rí i pé àwọn ọmọ ogun ayé òde òní ni. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà ní Afghanistan, ẹ̀rọ amúnáwá ni ó ń tan iná ibùdó wọn, tí ó sì ń mú àgọ́ wọn tutù, epo dísù sì ni ẹ̀rọ náà ń mu. Lójú ọ̀nà ni àwọn ọ̀tá gbé ń dúró de ọkọ̀ epo. Ìwádìí kan tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà gbé jáde ní 2009 fi hàn pé, ní ọdún 2007, bí ọ̀wọ́ ọkọ̀ epo 24 bá rin ìrìn-àjò ní ilẹ̀ náà, ènìyàn kan yóò kú tàbí kí ó fara gbọgbẹ́. Ẹ wò ó bí agolo epo kan ti wọ́n tó!

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà láti dín epo kù. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù lọ ni pé kì í ṣe iná ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn ní Iraq, bí kò ṣe ògiri. Ní nǹkan bí 2008 wọ́n fọ́n fóòmù tí ó nípọn sí ara àgọ́ wọn, kí ooru má baà tètè wọlé, ẹ̀rọ amúnáwá kò sì ní láti ṣe làálàá púpọ̀ mọ́. Kí ni a ó pe èyí bí kò ṣe ọgbọ́n ògiri amọ̀? Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oòrùn wá dé. Ní 2010, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan gbé àwọn sólà tí a lè ká dání lọ sí Sangin ní Afghanistan, wọ́n sì ń fi wọ́n gba agbára sí bátìrì rédíò wọn. Ní ilé, ní ibùdó ọkọ̀ òfuurufú Nellis ní ìpínlẹ̀ Nevada, wọ́n ti to sólà tí ó ju 70,000 lọ sí orí ilẹ̀ 140 éékà ní 2007, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 14 mẹ́gáwáàtì. Olùkọ́ ìṣirò yóò sọ fún yín pé èyí lè tan gílóòbù oníwáàtì 10 tí ó tó 1,400,000 lẹ́ẹ̀kan náà bí oòrùn bá mú dáadáa. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iná tí ibùdó náà ń lò ni. Nílé wa níhìn-ín, a ti kọ́ irú rẹ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2.5 mẹ́gáwáàtì sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kaduna.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìfẹ́ igbó àti ẹyẹ ni ó gbé àwọn ọmọ ogun dé ibẹ̀. Ẹ̀mí ara wọn ni. Mo tilẹ̀ rò pé ìdí yìí lágbára ju ìwàásù lọ.

Oòrùn tí ó bá ràn sórí ilẹ̀ kan tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sán gangan máa ń ní agbára tí ó tó 1,000 wáàtì. Sólà tí ó dára a máa rí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ mú. Ìyókù di ooru lásán. Èyí tó láti tan iná, kí rédíò sì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò tó rárá láti mú yàrá onípáànù tí kò ní àjà tutù. Nítorí náà ẹni tí ó bá kọ́ ilé tí ó gbóná, tí ó sì wá ń ra sólà láti fi lé ooru jáde, ó ń pọn omi sí inú agbọ̀n. Kí a sì sọ òtítọ́: bí sólà bá fọ́ tàbí bí bátìrì bá kú, a ó máa wo ọ̀nà Èkó. Ògiri àwọn àgbà kò mọ ọ̀nà Èkó.

N kò sọ pé kí gbogbo wa padà gun òkè. Àwọn onímọ̀ ti tún amọ̀ ṣe: ilé-iṣẹ́ ìwádìí ilé àti ọ̀nà ti ìjọba Nàìjíríà, tí a ń pè ní NBRRI, ń fi ẹ̀rọ tẹ yẹ̀pẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó ń di búlọ́ọ̀kù tí ń wọ inú ara wọn, tí òjò kò sì tètè lè jẹ. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé nínú 100 gaasi kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sí ojú ọ̀run, nǹkan bí 7 tàbí 8 ni ó ń ti ọwọ́ sìmẹ́ńtì wá.

Mo mú ìdáhùn padà lọ fún ọmọ náà. Ó gbọ́ ọ títí, ó sì ní, "Tíṣà, kí ló dé tí kíláàsì wa fi ń gbóná báyìí?" Mo gbé ojú sókè wo páànù. Ní báyìí a ti kọ́ ilé kékeré méjì sí ẹ̀yìn kíláàsì, ọ̀kan amọ̀ tí a fi koríko bò, èkejì páànù lásán, wọn kò ga ju orúnkún lọ. A gbé omi sí inú agolo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ sì ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní agogo méjì ọ̀sán láti mọ èyí tí ó gbóná jù. Ti amọ̀ ni ó ń borí láti ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n òjò ńlá kò tíì rọ̀, àwa méjèèjì, èmi àti ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì yẹn, sì ti ń wo ojú ọ̀run.