Ohun Tí Ń Pa Tata Láìlo Májèlé

Bí o bá gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ ní Festac Town tàbí níbòmíràn ní Amùwó-Ọ̀dọ̀fin, o lè ti rí tata tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ dúdú àti pupa rúsúrúsú, tí ń rùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, agbo rẹ̀ a máa jẹ ewé ẹ̀gẹ́ títí yóò fi ku igi lásán. Májèlé ń pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kànga bá wà nítòsí ńkọ́, tí àwọn ọmọdé sì ń ṣeré níbẹ̀?

Ní 1989, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní LUBILOSA. Ibùdó IITA tí ó wà nítòsí Kútọnu wà lára àwọn tí ó ṣe é. Metarhizium ni wọ́n lò, ohun kan tí ó bá olú àti ohun tí ń mú búrẹ́dì bu tan. Kò dìgbà tí tata bá jẹ ẹ́. Bí èso rẹ̀, tí ó kéré bí eruku, bá ti bà lé tata lára, yóò hù, yóò gún awọ rẹ̀ wọlé, yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Òróró ni wọ́n pò ó mọ́, kí ó lè ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni oògùn Green Muscle ti jáde.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò yára: ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí tata tó kú. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ rí òkú tata lónìí kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, n kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n tata tí ń ṣàìsàn kì í jẹun bí ti tẹ́lẹ̀.

Bí o kò bá rí oògùn náà rà, wá abẹ́ ìbòji tí tata ń yé ẹyin rẹ̀ sí nínú ilẹ̀, kí o sì hú u síta fún oòrùn.