Kí Ẹ Tó Yáwó Ra Híítà Tuntun

Láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá àti ní Ọ̀rà, ta ni ara rẹ̀ kì í fẹ́ omi gbígbóná? Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ lo ojú ewé yìí fún ọ̀rọ̀ híítà àti ṣáwà.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní híítà ti bàjẹ́, ṣáwà ò yọ omi mọ́, àwọn fẹ́ ra tuntun. A bi wọ́n pé, "Ìyá, omi tútù ńkọ́ ní ṣáwà yẹn?" Wọ́n ní, "Òun náà ń kán tó, tó, tó ni." A ní, ìyá, kí ló wá kan híítà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tú orí ṣáwà wò. Iyanrìn àti èérún irin tó ti dógùn-ún ló dí gbogbo ojú ihò rẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dá a padà, omi sì yọ. Fọ́ọ̀mù náà kò kúrò lórí tábìlì wa. Gbèsè tí a kò jẹ, èrè ni.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ omi kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi tútù nínú balùwẹ̀, ẹ ṣí ti omi gbígbóná, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ṣáwà. Ohun tí ẹ bá rí ni yóò tọ́ka sí ibi tí àrùn wà.

Èkíní: bí gbogbo wọn kò bá yọ dáadáa, ọ̀dọ̀ táńkì ni kí ẹ lọ. Ṣé omi wà nínú rẹ̀? Ṣé kọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí tán? Báwo ló ṣe ga tó? Ẹ rántí omi Ayíkúnnugbá ní Òkè-Ìlá. Níbi tó ti ń ya bọ́ láti orí àpáta, agbára rẹ̀ ń bani lẹ́rù. Bó bá délẹ̀ tán, a rọra máa ṣàn. Gíga ló ń fún omi lágbára. Bí omi táńkì bá fi mítà 10 ga ju orí ṣáwà lọ, agbára rẹ̀ á tó bíi báà 1. Bó bá jẹ́ mítà 1 péré, ìdámẹ́wàá rẹ̀ ni ẹ óò rí. Híítà kékeré tó ń gbé omi gbóná lójú ẹsẹ̀ kì í sábà ṣiṣẹ́ bí omi kò bá tì í dáadáa. Ẹ lè ra tuntun mẹ́ta, bákan náà ni yóò rí, àfi bí ẹ bá gbé táńkì sókè sí i.

Èkejì: bí omi tútù bá ń yọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ti gbígbóná kò yọ, ẹ pa iná híítà lójú ẹsẹ̀, nítorí híítà tí kò sí omi nínú rẹ̀ yóò jó. Ẹ wo kọ́ọ̀kì tó ń gbé omi wọ inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló tì í. Bó bá ṣí, tí omi kò sì yọ, ìdọ̀tí tàbí afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù. Púlọ́ńbà ló ni ìyẹn.

Ẹ̀kẹta: bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ń yọ, tí ṣáwà nìkan kò yọ, ẹ tú orí rẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú ihò. Bí ohun funfun bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú.

Ẹ̀kẹrin: bí omi bá yọ dáadáa tí kò gbóná, ẹ wo iná. Híítà onílítà 50 tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 1500 nílò bíi wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20 kí omi rẹ̀ tó ti ìwọ̀n ooru 25 dé 60. Bí iná bá wálẹ̀ láti fóòtì 240 sí 180, agbára híítà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, ẹ óò sì dúró tó wákàtí 2 àti ààbọ̀. Nítorí náà, nígbà tí gílóòbù bá ń pọ́n bí ẹyin iná, ẹ ṣe sùúrù fún híítà. Bí iná bá pé tí omi ṣì tutù, ẹ pe oníná.

Ohun méjì wà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Omi máa ń fẹ̀ bó bá ń gbóná. Lítà 50 yẹn yóò fi ohun tó lé ní ìdajì lítà pọ̀ sí i. Fáàfù kékeré tó wà lára híítà ló ń tú u jáde, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kán bí iná bá wà. Ẹ má ṣe dí i! Híítà tí a dí fáàfù rẹ̀ lè bú gbàmù.

Èkejì ni waya tó wọ ilẹ̀, tí àwọn oníná ń pè ní áàtì. Bí ṣáwà bá ta yín lọ́wọ́ bó ti wù kó kéré tó, ẹ jáde kúrò nínú omi, ẹ pa iná láti ìdí mítà, kí ẹnikẹ́ni má sì wẹ̀ níbẹ̀ títí oníná yóò fi dé. Ẹni tó ń lo bọ́ílìn-ríǹgì náà kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ garawa wò kó tó yọ ọ́ kúrò lára iná.

Owó ẹgbẹ́ wà nílẹ̀ fún ẹni tí híítà rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn wò ná, kí ẹ tó wá gba fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ó dìgbà kan ná.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́