Ta Ló Kọ Ọ́? Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Fi Ìṣirò Wá Òǹkọ̀wé, àti Ohun Tí Ó Kan Àwa Oníwàásù Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka ìwé àlàyé lórí Májẹ̀mú Titun kò ní pẹ́ tí yóò fi bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé: pé Pọ́ọ̀lù kọ́ ló kọ Tímótì Kìn-ín-ní, Tímótì Kejì àti Títù, pé ìṣirò ọ̀rọ̀ ló fi í hàn, pé kọ̀ǹpútà pàápàá ti jẹ́rìí sí i. Ẹlòmíràn a ka èyí, ọkàn rẹ̀ a dààmú, a sì máa bi ara rẹ̀ bóyá ó ṣì lè dúró lórí pẹpẹ kí ó wàásù láti inú Títù. Ẹlòmíràn a pa ìwé náà dé, a ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ẹni àkọ́kọ́ gba ohun tí kò yẹ̀ wò. Ẹni kejì kọ ohun tí kò yẹ̀ wò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ìṣirò náà gan-an, ohun tí ó lè sọ fún wa, àti ohun tí kò lè sọ.

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn aláìgbàgbọ́ ayé òde òní ló dá ìbéèrè yìí sílẹ̀. Àwọn baba ìjọ ti bi í nípa ìwé Hébérù. Nínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ tí à ń pè ní P46, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ẹ̀yìn Róòmù gan-an ni Hébérù wà, láàárín àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n Tertullian ní Àríwá Áfíríkà sọ pé Bánábà ló kọ ọ́. Clement ti Alẹkisáńdíríà ní Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ ní èdè Hébérù, tí Lúùkù sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì. Origen gbà pé èrò inú rẹ̀ bá ti Pọ́ọ̀lù mu, ṣùgbọ́n ó ní èdè rẹ̀ kò jọ tirẹ̀, ó sì fi ìmọ̀ ẹni tó kọ ọ́ gan-an sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ní ìgbà Àtúnṣe Ìjọ, Luther dábàá Àpólò.

Ohun méjì ni àwọn baba wọ̀nyí ń gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni ẹ̀rí inú ọ̀rọ̀: ẹni tó kọ Hébérù 2:3 ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó gba ìyìn rere lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu Olúwa, bẹ́ẹ̀ Pọ́ọ̀lù tẹnu mọ́ ọn nínú Gàlátíà 1:12 pé kì í ṣe lọ́wọ́ ènìyàn ni òun ti gbà á. Èkejì ni ọwọ́ ìkọ̀wé: bí èdè náà ṣe ń dún létí ẹni tó mọ Gíríìkì.

Ọgbọ́n kan náà ti gba ìjọ lọ́wọ́ ẹ̀tàn rí. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwé kan wà tí wọ́n ní Ọba Kọnsitáńtáìnì kọ láti fi ìjọba apá ìwọ̀-oòrùn lé póòpù lọ́wọ́. Ní ọdún 1440, Lorenzo Valla ní Ítálì fi hàn pé èdè Látìn inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà Kọnsitáńtáìnì rárá, pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò tíì sí lẹ́nu ará Róòmù nígbà ayé ọba náà. Ayédèrú ni ìwé náà. Nítorí náà, yíyẹ ọwọ́ ìkọ̀wé wò kì í ṣe ọ̀tá òtítọ́.

Láti orí etí gbígbọ́ dé orí kíkà

Origen fi etí gbọ́ ni. Ta ni yóò sọ ọ́ di ohun tí a lè wọ̀n? Ní 1851, onímọ̀ ìṣirò kan ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Augustus De Morgan, kọ lẹ́tà sí àlùfáà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dábàá pé kí ẹnìkan ka iye lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Hébérù, kí ó wá ìpíndọ́gba rẹ̀, kí ó sì fi wé ti àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù. Ẹ kíyè sí i pé inú ìbéèrè lórí Bíbélì ni ìmọ̀ yìí ti hù jáde.

Ní 1887, T. C. Mendenhall ní Amẹ́ríkà gbé irú àbá yìí ṣe: ó ka gígùn ọ̀rọ̀ nínú ìwé àwọn òǹkọ̀wé, ó sì ya àwòrán bí ó ṣe ń lọ sókè sódò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni Udny Yule ka gígùn gbólóhùn, kí ó lè mọ̀ bóyá Thomas à Kempis ló kọ ìwé olókìkí nì lórí àfarawé Kristi.

Agbára àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké

Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi rí i pé kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá ló ń tú òǹkọ̀wé fó. Ẹnikẹ́ni lè jí ọ̀rọ̀ ńlá lò. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ẹnu ti mọ́ ni kì í purọ́: irú àwọn bíi “àti,” “sì,” “ṣùgbọ́n,” “nítorí.” A kì í rò ó kí a tó lò wọ́n. Àwọn ará Éfúráímù ní etí odò Jọ́dánì lè fi ìlú wọn pamọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n pe “Ṣíbólẹ́tì,” ahọ́n wọn tú wọn fó (Àwọn Onídàájọ́ 12:6). Pétérù náà sẹ́ Olúwa rẹ̀ ní àgbàlá, ṣùgbọ́n ohùn Gálílì kò jẹ́ kí ó rí ibi sá sí (Mátíù 26:73). Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ṣe ń mọ ará Èkìtì àti ará Ìjẹ̀bú lọ́jà, kí wọ́n tó dárúkọ ìlú wọn.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo onímọ̀ ń tọ́ka sí ni ti Amẹ́ríkà. Láàárín 1787 sí 1788, Hamilton, Madison àti Jay fi orúkọ kan ṣoṣo, Publius, kọ àròkọ 85 láti ti òfin ìlú wọn tuntun lẹ́yìn. Lẹ́yìn ikú Hamilton, àríyànjiyàn wà lórí 12 nínú wọn: ṣé Hamilton ni àbí Madison? Mosteller àti Wallace ka àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 1964. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà “upon” a máa jáde lọ́wọ́ Hamilton ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú 1,000 ọ̀rọ̀. Lọ́wọ́ Madison kò tó ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ jọ, ìwọ̀n náà tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Madison lórí gbogbo àròkọ méjèèjìlá.

Nígbà tí ìṣirò kan Pọ́ọ̀lù

Ní 1921, P. N. Harrison ka àwọn ọ̀rọ̀ inú Tímótì méjèèjì àti Títù. Bí a bá yọ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú kúrò, oríṣi ọ̀rọ̀ 848 ló wà níbẹ̀. 306 nínú wọn kò sí nínú àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá yòókù. Òun ni ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé ṣì ń tọ́ka sí.

Ní 1963, A. Q. Morton, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ Scotland, lo kọ̀ǹpútà láti ka gígùn gbólóhùn àti iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì “kai,” tí í ṣe “àti,” jáde. Ó kéde pé Róòmù, Kọ́ríńtì méjèèjì àti Gàlátíà nìkan, pẹ̀lú Fílémónì kékeré, ni ti Pọ́ọ̀lù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù, nítorí kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n John Ellison fi irú ọ̀nà kan náà wọn àwọn ìwé tí a mọ ẹni tó kọ wọ́n dájú, títí kan ti Morton fúnra rẹ̀, èsì tó jáde sì sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọ wọ́n. Òṣùwọ̀n tó bá ya ènìyàn kan sí mẹ́rin kò ṣeé fi dá ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Ní 1986, Anthony Kenny ti Oxford tún un wọ̀n. Kò gbára lé ohun kan tàbí méjì. Ohun 99 ló kà. Ó rí i pé kò sí ìdí nínú ìṣirò rẹ̀ láti sọ pé kì í ṣe ẹnì kan ló kọ méjìlá nínú àwọn lẹ́tà mẹ́tàlá náà. Títù nìkan ló dá yàtọ̀.

Ibi tí òṣùwọ̀n náà ti kù

Kí ló dé tí ìṣirò fi yanjú ọ̀rọ̀ Madison, tí kò sì yanjú ti Pọ́ọ̀lù?

Àkọ́kọ́, ìwọ̀n ìwé. Fílémónì kò ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 335 lọ ní Gíríìkì. Títù sún mọ́ 660. Róòmù lé ní 7,000. Ẹni tó bu omi sí ife kan kò lè fi í sọ bí gbogbo odò ṣe rí.

Èkejì, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Pásítọ̀ tó wàásù ìrònúpìwàdà ní òru àìsùn, tó sì kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ ìjọ lórí yíyan díákónì ní ọjọ́ kejì, kò ní lo ọ̀rọ̀ kan náà. Ètò ìjọ ni Tímótì àti Títù dá lé. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ 306 ti Harrison lè ti ibẹ̀ wá.

Ẹ̀kẹta, akọ̀wé. Ní Róòmù 16:22, Tertiu kí ìjọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ọwọ́ kọ lẹ́tà náà. Lẹ́tà tí gbogbo onímọ̀ fi ń wọn ti ìyókù, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́ sílẹ̀! Sostene wà nínú ìkíni Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní, Tímótì wà nínú ti Kọ́ríńtì Kejì, Fílípì àti Kólósè. Ìparí lẹ́tà ni Pọ́ọ̀lù máa ń gba kálàmù (2 Tẹsalóníkà 3:17). A kò mọ bí òmìnira akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí a ó fi wé. Ìwé Hamilton àti ti Madison tó dájú pọ̀ nílẹ̀. Àpólò kò fi ìwé kankan sílẹ̀ fún wa. Kò sí ìṣirò tó lè fi Hébérù wé ohun tí kò sí.

Ẹ̀karùn-ún, ibi tí gbólóhùn parí sí. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kò ní àmì ìdánudúró bí tiwa. Àwọn olóòtú ẹ̀yìn ọ̀la ló fi púpọ̀ nínú wọn sí i. Ẹni tó bá ń ka gígùn gbólóhùn ń ka ìpinnu wọn mọ́ ti Pọ́ọ̀lù. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lo Bíbélì Yorùbá fún un. Iye “àti” àti “sì” tó wà nínú Bíbélì tí a tẹ̀ jáde lódindi ní 1884, ọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò fi hàn, kì í ṣe ọwọ́ Àpọ́sítélì.

Kí ni èyí jẹ́ fún wa?

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni yòówù kó kọ ọ́, kò já mọ́ nǹkan, Ẹ̀mí Mímọ́ ló mí sí i. Ọ̀rọ̀ yìí dára fún Hébérù, ṣùgbọ́n kò tó fún Títù. Hébérù kò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí kò bá jẹ́ Pọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó purọ́, ìjọ sì gbà á nítorí ohun tí ó sọ nípa Kristi Àlùfáà Àgbà. Títù dárúkọ Pọ́ọ̀lù ní ẹsẹ kìn-ín-ní. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò sì fojú kékeré wo lẹ́tà tí wọ́n fi orúkọ òun kọ (2 Tẹsalóníkà 2:2). Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Nítorí náà, bí ẹ bá kà á pé “ìṣirò fi hàn,” ẹ bèèrè ohun mẹ́ta: Kí ni wọ́n kà? Kí ni wọ́n fi wé? Ìwé náà ha gùn tó láti gbé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀? Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Morton, kí ẹ sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Kenny pẹ̀lú. Bí a bá ju òṣùwọ̀n Morton nù nítorí pé kò péye, tí a wá di ti Kenny mú kìkì nítorí pé ó dùn mọ́ wa nínú, ìwọ̀n èké tí Olúwa kórìíra (Òwe 11:1) ni àwa náà ń lò.

Ìparí

Ohun tí ìṣirò ń wọ̀n ni bí ọwọ́ ìkọ̀wé kan ṣe jọ òmíràn. Láti orí jíjọ dé orí ẹni tó kọ ọ́, ìrìn kan wà níbẹ̀. Ẹ̀rí ìtàn, ẹ̀rí àwọn baba ìjọ àti ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà fúnra rẹ̀ la fi ń rìn ín. Ísáákì gbọ́ ohùn Jékọ́bù dáadáa, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí irun ọwọ́ borí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ (Jẹ́nẹ́sísì 27). Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó láti fi súre.

Kí ẹni tí a fẹ́ fi òróró yàn má bẹ̀rù nọ́ńbà, kí ó má sì tẹríba fún un. Bí ọmọ ìjọ kan tó kàwé bá bi yín lọ́jọ́ kan pé, “Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Pọ́ọ̀lù ló kọ Títù lóòótọ́?” ẹ má lé e, ẹ má sì fi àdúrà pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n kà fún un, ohun tí kíkà náà kò lè dé, àti ìdí tí ẹ fi gbà ohun tí ẹ gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Títù 2, kí ẹ jọ kà á.