Ọ̀dùnkún àti Ìbátan Rẹ̀
Ọ̀dùnkún rọrùn láti gbìn sẹ́yìn ilé. Ẹ gé ìtàkùn rẹ̀ ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́ inú ebè. Láàárín oṣù 3 sí 5, ẹ lè wà á. Ewé rẹ̀ náà ṣeé sè lọ́bẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìbátan tí a ń gbìn fún ẹwà, tí òdòdó wọn ń là láàárọ̀. Kóró wọn kì í ṣe oúnjẹ: ó lè fa èébì, ó sì lè mú ènìyàn máa rí ohun tí kò sí. Ẹ ká èso wọn kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú kóró náà dání.